Ọdún tí Mo Dá Ìlú Abẹ́-Ọ̀sà Sílẹ̀

Agogo ọwọ́ Àǹtí Bísí àti ohùn ládàánì ni wọ́n jọ máa ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ jí wa ní agboolé bàbá bàbá mi ní Ajah. Ládàánì á bẹ̀rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí onípáànù tó wà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, kò sì ní í tíì parí tí Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi tó ń bá àwọn aláṣọ funfun jọ́sìn, yóò ti gbé agogo rẹ̀, yóò máa lù ú yí ilé ká pé kí àwọn tó jẹ́ ti Jésù dìde. Nígbà náà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti ṣe àlùwàlá tán, á ti jókòó sórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Á ní, “Bísí, àwa tí a jẹ́ ti Ànábì náà ti jí o. Rọra lu agogo yẹn.” Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ní ìkángun agboolé, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá bàbá mi, á jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi tútù, á ta díẹ̀ sílẹ̀, á dárúkọ àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò wọ sálúbàtà rẹ̀ tí yóò sì tẹ̀lé àwọn tó ń lọ kírun àárọ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í rí pé èwo gan-an ló ń ṣe. Ilé wa tóbi tó láti gba gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá mi ríṣẹ́ sí òkè ọya, màmá mi bá a lọ, wọ́n sì ní kí n dúró lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà fún ọdún kan títí ibùgbé wọn yóò fi fara rọ. Láti Mushin ni mo ti wá, níbi tí ògiri ilé wa àti ti aládùúgbò ti fẹnu kora, tí ènìyàn kò lè sín kí ará ilé kejì má kí i. Ní Ajah ìgbà náà, ilẹ̀ ló pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, iyanrìn funfun ló wà láàárín bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ sílẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ti òkun wá, imọ̀ àgbọn á máa pariwo bí òjò, mo sì sáré kó aṣọ tí a sá lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó mọ ìyàtọ̀. Lónìí, géètì ńlá ló wà níbi tí mo ti máa ń ṣa èèpo àgbọn tí a fi ń dáná. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó wà ní ẹnu géètì náà á sì bi mí pé, “Màmá, ta lẹ ń wá?” Mo máa ń sọ fún un pé mo kàn ń kọjá ni. Mi ò bínú sí i. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá.

Àgbọn ni iṣẹ́ ilé wa. Àwọn ọkùnrin á ká a, wọn á bó o. Àwa obìnrin á fọ́ ọ, a ó ha á lórí páànù tí wọ́n ti fi ìṣó lu ní ihò, a ó fún omi rẹ̀, a ó sì gbé e kaná títí òróró yóò fi léfòó. Òórùn òróró yẹn kì í kúrò lára wa. Bí mo bá wọ yàrá ìkàwé ní ilé ìwé, olùkọ́ á ti mọ̀ pé mo dé kí ó tó gbójú sókè. Ní oṣù àkọ́kọ́, gbogbo ìka mi ló bó. Mo sunkún lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà fi òróró àgbọn pa ọwọ́ mi, ó ní, “Má sunkún, Ràfíátù. Ìka tí kò bá bó kò tíì wọlé sí ilé wa.” Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, òun ni ó máa ń se ìkọ́kọrẹ́, tí ewùrà rẹ̀ á rọ̀, tí ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ á tóbi. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí Bísí á se ìrẹsì. Inú abọ́ ńlá kan náà ni gbogbo àwa ọmọdé ti ń jẹ méjèèjì, ẹni tó bá sì ti ń yan ẹja, Ìyá Àgbà á fi ṣíbí gbá a lórí ìka.

Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, Bàbá Kékeré á jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, á pe àwa ọmọdé jọ. Òun ni ó ń tọ́jú ìtàn ìdílé. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á wúkọ́, á ní, “Àrọ́bá ni baba ìtàn,” àwa náà á sì dákẹ́. Ìtàn rẹ̀ ni pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Àjàní àti Àlàbí, wọ ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Àjẹ̀ wọn kán lójú ọ̀sà, omi gbé wọn gúnlẹ̀ síbí, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n nítorí omi ọ̀sà ti korò. Wọ́n wá omi mímu fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbẹ́ iyanrìn níbì kan, omi dídùn sun. Ibẹ̀ ni kànga àárín agboolé wa. Wọ́n ní nítorí pé ọ̀sà kò pa wọ́n, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò gbọdọ̀ ti àjẹ̀ bọ omi tàbí kí ó fọ abọ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìdákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ojoojúmọ́ ni mo lè gbọ́ ìtàn yẹn kí ó má sú mi.

Ṣùgbọ́n nídìí páànù tí a fi ń ha àgbọn, ìtàn náà ní apá kan tí kì í jáde dé abẹ́ igi fúrúùtù. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí èmi àti òun nìkan ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni arábìnrin wọn, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti sùn lọ nítorí àárẹ̀, òun ló rí ibi tí àwọn alákàn ń gbẹ́, tó fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ jìn jù wọ́n lọ, tó sì kan omi. Mo dá iṣẹ́ dúró.

“Ta ló sọ fún yín, Ìyá Àgbà?”

“Ìyá ọkọ mi. Ìyá ọkọ tirẹ̀ ló sọ fún òun náà.”

“Kí ló dé tí Bàbá Kékeré kì í dárúkọ rẹ̀?”

Ó kó àgbọn tó ti ha sínú abọ́. “Àwọn ọkùnrin ló ń sọ ìtàn níta,” ni ó wí. “Àwa ń ha àgbọn. Má dá iṣẹ́ dúró.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fi dá ìlú sílẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kan tí mo ti lo ìlàjì rẹ̀ fún ìṣirò ni mo yí dà sẹ́yìn, mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: ÌLÚ ABẸ́-Ọ̀SÀ. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ omi ni, tí àwọn ará ibẹ̀ ń mí bí ẹja tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń dá ayé tuntun, nítorí náà mo lo èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn ará Abẹ́-Ọ̀sà kì í sọ òtítọ́ láì kọ́kọ́ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí ìyẹn lára àlùwàlá Ìyá Àgbà. Agogo ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ìlú, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń wọ̀. Ẹ mọ ibi tí mo ti rí ìyẹn. Wọ́n ní Ọjọ́ Ìdákẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó sì ń jọba lé wọn lórí ni Ọbabìnrin Àbẹ̀kẹ́, tó fi ọwọ́ lásán gbẹ́ omi jáde nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sùn. Mi ò tilẹ̀ ronú pé kí n yí orúkọ rẹ̀ padà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu ni.

Ará ìlú àkọ́kọ́ tí mo ní ni Tóyìn, ọmọ Àǹtí Bísí, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Mo ń kà á fún un lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì ń há a sórí ju bó ṣe ń há ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀ lọ. Láìpẹ́, ọmọ márùn-ún, ọmọ mẹ́fà ti ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fẹjọ́ ara wọn sùn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí àdúrà wà ní ìlú náà. Mo mú gbólóhùn kan tí mo kọ́ ní ilé kéú, mo fi sẹ́nu ọba ẹja, tí mo fi ṣe olórí àwọn ẹja ìlú náà lábẹ́ ọbabìnrin. Tóyìn ń ké e kiri àgbàlá nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́. Ó pè mí wọlé. Mo rò pé yóò nà mí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí n ka gbogbo ìwé náà fún òun látòkè délẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ìwẹ̀nùmọ́ tó o mú yẹn, kò burú, mú un. Kò sẹ́ni tó ni ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀, má fi sẹ́nu ẹja. Wá ọ̀rọ̀ tìrẹ fún un.” Èmi náà wá ọ̀rọ̀ tèmi. “Mo fi omi jẹ́rìí” ni mo kọ. Títí di òní, nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ, mi ò tíì rí ìbúra tó dára tó ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìfòyà pàṣán ni mo fi ronú kàn án.

Àǹtí Bísí ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ nípa agogo. Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè ni bóyá àwọn ará Abẹ́-Ọ̀sà ń fi ìyà jẹ ẹni tó bá pẹ́ dé ìsìn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìlú tó dáa nìyẹn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ìgbéyàwó. Ọbabìnrin gbọ́dọ̀ lọ́kọ, èmi sì fẹ́ràn ìgbéyàwó. Mo fún Àbẹ̀kẹ́ ní ọmọ ọba kan láti Ìsàlẹ̀-Igbó, abúlé tó wà ní òdì kejì odò kékeré tó yà wọ ọ̀sà nítòsí wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ibi tó jìnnà jù tí mo ti fẹsẹ̀ rìn dé. Mo wá ronú pé ọbabìnrin kò gbọdọ̀ lọ sílé ọkọ lọ́wọ́ òfo. Mo kọ ọ́ pé àwọn arákùnrin rẹ̀ fún un ní gbogbo ilẹ̀ láti etí kànga títí dé ìdí igi òdán ńlá, fún òun àti àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ títí láé. Inú orí mi ni mo ti yọ ìyẹn. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí òdán, mo kọ òdán sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ìdí igi òdán yẹn gan-an ni àwọn àgbà wa àti àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Igbó ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti ń rìn kiri, nítorí ọ̀nà ọlọ́dà tí wọ́n ní ó ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni àwọn ará Ìsàlẹ̀-Igbó wá. Àwọn àgbà mẹ́rin ni. Ẹni tó ṣíwájú wọn dé fìlà pupa, nítorí náà Bàbá Onífìlà Pupa ni àwa ọmọdé ń pè é. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù. Bàbá Kékeré wúkọ́, ó sọ ìtàn Àjàní àti Àlàbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì nawọ́ sí òdán pé títí dé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn baba òun. Ohùn rẹ̀ wúwo. Àǹtí Bísí ní kí Tóyìn gbé omi tútù fún àwọn àlejò. Tóyìn kúnlẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀ láì da ẹ̀kán kan. Bàbá Onífìlà Pupa rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ó kàn fẹ́ bá ọmọ ṣeré ni.

“O ṣeun, ìyá mi. Ìwọ náà mọ ìtàn bí? Ta ló tẹ ibí yìí dó?”

Tóyìn dìde. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bu omi nínú ife àlejò, ó dà á sí ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wò ó.

“Mo fi omi jẹ́rìí,” ni Tóyìn wí, ohùn rẹ̀ ń gba ibi eyín tó ti yọ jáde. “Ọbabìnrin Àbẹ̀kẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sùn. Ó fẹ́ ọkọ ní Ìsàlẹ̀-Igbó, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ láti kànga títí dé ìdí òdán, fún òun àti àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ títí láé.”

Bàbá Onífìlà Pupa rọra ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wá wo Bàbá Kékeré. “Ẹ gbọ́ o,” ni ó wí. “Ọmọdé kì í mọ irọ́ ìdí ilẹ̀ pa. Inú ilé yín ni ọmọ yìí ti gbọ́ ọ.”

“Ràfíátù!” Bàbá Kékeré kò tilẹ̀ yíjú. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń kó àwọn ọmọdé jọ sẹ́yìn ilé ìdáná. “Mú ìwé yẹn wá.”

Mo mú un wá. Iyanrìn gbóná. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà pẹ̀lú ìwé ìṣirò lójú kan àti ìlú odindi lójú kejì. Bàbá Kékeré ní, “Sọ fún wọn pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́.” Ìrọ̀rùn ni ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́. Mo lanu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Àgbà nídìí páànù rẹ̀ lápá kejì àgbàlá. Kò ha àgbọn mọ́. Ó kàn ń wò mí ni. Mo wá rí i pé bí mo bá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ fún un yóò di irọ́ lẹ́nu mi, níwájú àlejò. Bí mo bá sì ní òótọ́ ni, ilẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ìtàn tí mo fi ń ṣeré sì ti di ohun tí àgbà ṣí fìlà lé lórí.

“Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, sà,” ni mo wí.

“Kí lo wí?”

“Òmíràn ni mo gbọ́. Òmíràn ni mo dá sílẹ̀ fúnra mi. Ẹ jẹ́ kí n kà á, kí n máa yà á sọ́tọ̀.”

Bàbá Onífìlà Pupa ní kí wọ́n jẹ́ kí n kà á. Mo ṣí ojú ewé kìíní. Mo ní ìlú abẹ́ omi, èmi ni mo dá a. Àwọn tó ń mí bí ẹja, èmi ni. Ẹsẹ̀ fífọ̀, mo rí i lára Ìyá Àgbà. Agogo, ti Àǹtí Bísí ni. Ọjọ́ Ìdákẹ́, ti ilé wa ni, ṣùgbọ́n mo ti yí i po. Mo dé orí ìgbéyàwó. Mo ní, “Ọkọ láti Ìsàlẹ̀-Igbó, èmi ni mo dá a, sà. Ilẹ̀ títí dé òdán, èmi náà ni. Òdán ni mo rí láti ojú fèrèsé.” Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Onífìlà Pupa kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tẹ orúkọ náà nínú ìwé.

“Èyí ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́ tó rí omi?”

“Mo gbọ́ ọ ni, sà.”

“Lẹ́nu ta ni?”

Mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Bàbá Kékeré tún ìbéèrè náà bi mí, omi ti ń bọ́ lójú mi sórí ìwé. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí páànù ró lórí ilẹ̀. Ìyá Àgbà dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun àgbọn kúrò lára ìró rẹ̀, ó rìn wá sábẹ́ igi fúrúùtù níbi tí obìnrin kì í ti í dá sí ọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú,” ni ó wí fún Bàbá Kékeré, nítorí bí ìyàwó ilé ti ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn. “Lẹ́nu mi ni. Ìyá yín ló sọ ọ́ fún mi nídìí àgbọn. Mẹ́ta ni wọ́n. Mo ti gbé e lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí.”

Mi ò lè gbàgbé ojú Bàbá Kékeré. Ìbínú ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dàbí ẹni tó gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn. “Ìyá mi?” ni ó wí. “Ìyá mi sọ ọ́ fún ọ, kò sọ ọ́ fún mi?”

“Ẹ kì í ha àgbọn,” ni Ìyá Àgbà fèsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bàbá Onífìlà Pupa ló tú wa sílẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí àwọn ìyá àwọn bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún ní Ìsàlẹ̀-Igbó, wọ́n máa ń ní kí ó dákẹ́, pé Àbẹ̀kẹ́ ń bọ̀ wá fún un lómi mu. Òun kò mọ ẹni tí Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ títí di òní. “Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyá wa náà. Ṣùgbọ́n ní ti ilẹ̀,” ó wo ìwé mi, ó wo òdán, “a ò gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ gbà á nítorí pé ó dùn mọ́ mi ni. Ọmọ yìí ti sọ pé òun ló dá a, ẹni tó dá nǹkan ló mọ̀ ọ́n.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá Kékeré nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fẹnu kò pé òdán ni ààlà, pé kò sẹ́ni tí yóò gé e, kí tọ̀tún-tòsì máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti oṣù mélòó kan parí láàárín wákàtí kan, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ẹni tó lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ jà.

Mo ti dàgbà, mo ti fi kíkọ ìwé nípa ayé tí kò sí ṣe iṣẹ́ jẹ. Àwọn tó ń ka ìwé mi máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí àwọn òrìṣà wọ̀nyẹn, àwọn ọba wọ̀nyẹn, àwọn ogun wọ̀nyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé mo ń yá wọn ni. Kò sí ẹni tó ń dá ayé láti inú òfo àyàfi Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá yá ní ẹni tó ni ín. Kí n tó kọ nípa oúnjẹ ìrúbọ ìlú kan, mo ti lọ jókòó ti àgbà ìlú náà, mo ti bèèrè èyí tí mo lè mú àti èyí tí mo gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì tún máa ń fún mi ní ju ohun tí mo bèèrè lọ, nítorí inú àgbà máa ń dùn sí ẹni tó bèèrè. Mo máa ń yí orúkọ padà. Mo sì ní ìwé kan lọ́tọ̀, tí mo fi ìlà pín sí méjì: ohun tí mo gbọ́ lápá kan, ohun tí mo dá lápá kejì. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ lórí iyanrìn gbígbóná rí ni yóò mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ Sátidé yẹn, Bàbá Kékeré kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní wò mí. Èyí dùn mí ju pàṣán lọ. Mo gbé ìwé náà sábẹ́ àpótí aṣọ, mo ní mi ò ṣe mọ́. Tóyìn ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Abẹ́-Ọ̀sà, mo ní wọ́n ti kó lọ. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ lọ lóòótọ́. Nígbà tí Ọjọ́ Ìdákẹ́ pé, gbogbo ìdílé péjọ sí etí ọ̀sà láàárọ̀, àwọn tó ń kírun àti àwọn aláṣọ funfun, ọkọ̀ ojú omi wà lórí ilẹ̀, a kò gbọ́ ìró àjẹ̀ kankan. Bàbá Kékeré gbé igbá omi dání. Ó pe Àjàní. Ó pe Àlàbí. Ó dúró, ó pẹ́ díẹ̀, mo rò pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àti Àbẹ̀kẹ́, tó rí omi.” Ó ta omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Àgbà, tó dúró sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, fi ọwọ́ di ọwọ́ mi mú, ó sì mú un débi tó ń dùn mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bu ẹja ńlá sínú abọ́ mi níṣojú gbogbo ènìyàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń gbá abẹ́ igi fúrúùtù nígbà tí Bàbá Kékeré jáde, tó sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ó wúkọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, mo fẹ́ lọ. Ó ní, “Níbo ni ìwé yẹn wà?”

“Ó wà nínú ilé, sà. Mi ò kọ ọ́ mọ́.”

“Lọ mú un wá. Yí orúkọ obìnrin yẹn padà. Tiwa ni ìyẹn, a ti gbà á padà. Wá òmíràn fún ọbabìnrin tìrẹ. Kó òdán mi kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú.” Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ó ń wo ibòmíràn bó ṣe ń sọ ìyókù, bí ẹni pé òdán ló ń bá sọ̀rọ̀. “Lẹ́yìn náà kí o wá kà á fún mi. Tóyìn sọ díẹ̀ fún mi lánàá. Ó ní àwọn ará òkè ilẹ̀ ti kó ọba ẹja lẹ́rú, wọ́n sì ti dè é mọ́ igi. Ṣé wọ́n rí i gbà padà?”

Mo ní, “Mi ò tíì dé ibẹ̀, sà. Mi ò tíì mọ̀.”

“O ò mọ̀?” Ó yíjú, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. “Ta ni yóò wá mọ̀? Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, kí o jókòó, kí o sì wá nǹkan ṣe sí i. Ọba ni, kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ìdè.”